Ọjọ́ Tí Tìróò Wọ Ìpàdé Fíìmù

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀kọ́ dókítà parí lọ́jọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jókòó sí ìpàdé fíìmù wa rí. Àárín àwọn ọdún 1970 ni mò ń sọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé irin gàgàrà sókè níbi ilé eré ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Ìgànmú, tí gbogbo ọmọ Surulere ń nà án níka láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Láràárọ̀ Sátidé, àwa dókítà tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíka ẹ́síréè, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń fi ìtànṣán wo àìsàn jẹjẹrẹ, a máa ń pàdé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Àwọn kan á ti Yaba wá, àwọn kan á ti Mushin wá, olúkúlùkù á fi àpò ńlá tí fíìmù wà nínú rẹ̀ há abíyá. Kò sẹ́ni tó fipá mú wa. A mọ̀ pé ohun tí a kò mọ̀ ṣì pọ̀, ìdí tí a fi ń lọ nìyẹn, èmi sì fẹ́ràn ìpàdé yẹn ju ibi ìgbéyàwó lọ.

Yàrá náà fúnra rẹ̀ kò ní ohun tí wọ́n fi ń yangàn. Fáànù rẹ̀ ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn lọ. Àpótí iná kan ló wà lórí tábìlì níwájú, pákó ni wọ́n fi kan án, gíláàsì funfun wà lójú rẹ̀, iná ẹlẹ́ńtíríìkì sì wà nínú. Bí a bá gbé fíìmù kọ́ sójú gíláàsì yẹn, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá, egungun á yọ, ẹran á yọ. Ṣùgbọ́n fíìmù méjì péré ló lè gbà, iná rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́jú. A máa ń fún ara wa mọ́ ibẹ̀ ni, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa na ọrùn. Ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa, alápàárá gbáà, máa ń sọ pé dókítà tó bá pẹ́ nínú yàrá yìí, ojú tirẹ̀ gan-an ló máa kọ́kọ́ nílò ìtọ́jú.

Àwọn ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tí a ń retí láti òkèèrè, wọ́n á pẹ́ lójú omi, wọ́n á tún pẹ́ ní Apapa. Bí wọ́n bá sì dé, àwọn aláìsàn tó wà nínú wọn kì í ṣe irú àwọn tí à ń wò. Nítorí náà, fíìmù tiwa fúnra wa ni ìwé wa. Ẹni tó bá rí ohun tí kò yé e láàárín ọ̀sẹ̀, á fi pamọ́ di Sátidé. Ẹni tí ohun kan bá yé nìkan, á mú un wá kọ́ àwọn yòókù. Mo ti kàwé lọ́pọ̀ ibi láyé mi, mi ò rí ibi tí ìwé ti dùn kà tó ibẹ̀.

Ọ̀gá wa ló dá ìpàdé náà sílẹ̀. Wọ́n ti ń ka ẹ́síréè kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irun wọn ti funfun báláú, ohùn wọn kì í sì í lọ sókè. Wọ́n á fi púlásítà lẹ orúkọ aláìsàn pa kí wọ́n tó gbé fíìmù kọ́. Òfin wọn le díẹ̀. O gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú rẹ rí kí o tó dárúkọ àìsàn kankan. Èyí tó wá ń da ọkàn èmi láàmú ni pé ẹni tó kéré jù nínú yàrá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, a ó sì máa bọ̀ sókè bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan àgbà.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nínú agbo ilé wa ní Mushin, bí àgbà ò bá tíì sọ̀rọ̀, ta ni ọmọdé tó máa lanu? Ìgbátí ni yóò jẹ. Ọ̀gá mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn, ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà sì nìyẹn. Wọ́n sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé, "Bí mo bá kọ́kọ́ sọ pé dúdú ni, ta nínú yín ló máa sọ pé funfun ni? Gbogbo yín á kàn máa mi orí ni. Lára ta ni mo wá fẹ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́?"

Èmi ni mo kéré jù. Èmi nìkan sì ni obìnrin. Nínú wọ́ọ̀dù, bí mo ṣe wọ kóòtù funfun tó yìí, "Àǹtí nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè mí, ó sì ti sú mi láti máa ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, iwájú àpótí iná ni èmi ń kọ́kọ́ dúró sí, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohunkóhun. Àyà mi máa ń já, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀, aṣọ tó dára jù nínú àpótí mi ni mo máa ń wọ̀ lọ.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, Ọ̀gá fúnra wọn ló mú fíìmù wá. Fíìmù orí kan ni, iwájú ni wọ́n ti yà á. Wọ́n ní jórinjórin kan ni aláìsàn, ọmọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Mushin. Ó ń lọ irin lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan ta sí i lójú ọ̀tún. Wọ́n ti pè é pé kó wá máa jó irin níbi iṣẹ́ ńlá tó wà ní Ìgànmú, ó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ nìyí. Irin ti wọ inú ẹyinjú rẹ̀, èyí ni èsì tí wọ́n kọ sí i. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, dókítà ojú máa gbé e wọ tíátà, yóò ṣí ẹyinjú yẹn, yóò sì wá irin náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé bí wọ́n bá ṣí ẹyinjú, ó lè má ríran mọ́. Jórinjórin tí ojú rẹ̀ kan lọ, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí gbogbo wa mọ̀ tí a ò sọ. Èsì yẹn, Ọ̀gá ló kọ ọ́.

Mo dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun iwájú orí, mo ní ó pé, kò sán. Mo sọ̀rọ̀ lórí imú, mo sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn kí n má bàa tètè dé ojú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí ohun tí Ọ̀gá rí: àwọn nǹkan funfun wà níbi ojú ọ̀tún, wọ́n funfun bí irin ṣe máa ń funfun nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, wọ́n kéré bí eruku. Wọ́n sì tò. Wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́ bí ẹní fi ọwọ́ fa ìlà, èyí tó nípọn díẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ ojú lápá imú. Irin tó ta sí èèyàn lójú kì í tò bẹ́ẹ̀. 

Ìyá àgbà mi ni mo rántí. Láràárọ̀ Jímọ̀, wọ́n á tò wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á lé tìróò sí gbogbo wa lójú níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń pọ́n tàbí tó ń ṣomi, tirẹ̀ á nípọn ju ti àwọn yòókù, wọ́n á sì kó èyí tó pọ̀ sí kọ̀rọ̀ ojú pé kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìgbà kan wà tí wọ́n rán mi lọ gba òkúta tìróò lọ́wọ́ oníbàárà wọn ní Tejuoso. Òkúta náà ò ju ẹ̀pà mélòó kan lọ, ó ń dán, bí wọ́n sì ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́ báyìí, ọwọ́ mi fẹ́ẹ̀ já. Ó wúwo ju bó ṣe rí lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ òjé tí àwa oníṣẹ́ ẹ́síréè ń wọ̀ kí ìtànṣán má bàa bà wá, òkúta ìyá àgbà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn, mo sì dá nìkan rẹ́rìn-ín.

"Dókítà," Ọ̀gá ní, "a ò gbọ́ ohùn rẹ mọ́."

Òyìnbó la máa ń sọ nínú ìpàdé. Mi ò mọ ohun tí òyìnbó ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kún mi lẹ́nu. Mo ní, "Tìróò ni, sà."

Yàrá náà dàrú. Ẹ̀gbọ́n alápàárá yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Tìróò kẹ̀! Jórinjórin ni wọ́n pè é o, wọn ò sọ pé ìyàwó òṣìngín ni."

Inú bí mi. Ara mi máa ń tètè gbóná, àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọjú sí wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi tó bí mi, pẹ̀lú irùngbọ̀n wọn, tìróò ni wọ́n ń lé lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àbúrò mi ọkùnrin ń lé e. Bí ojú bá ń dun èèyàn nílé wa, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sí i. Òkúta yẹn wúwo bí òjé, ohun tó bá sì wúwo tó òjé, ẹ́síréè ò lè là á kọjá. Ohun tí mo rí nìyí. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù wá bà mí. Mo ti já Ọ̀gá nírọ́ lójú gbogbo ayé. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n jókòó. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bínú. Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi imú fẹ́ẹ̀ kan fíìmù náà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, èmi ni wọ́n wò. "Wọ́n ti bi àwọn ará ilé rẹ̀ bóyá wọ́n fi nǹkan sí ojú yẹn, wọ́n ní rárá," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká lọ wò ó."

Ìyá ọmọ náà jókòó tì í lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti fi òwú bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ó fi èyí tó kù ń wo àjà. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá. Tìróò wà ní ojú tiwọn náà, ó dúdú mìnìjọ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá."

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé o. Ọlọ́run á bá wa ṣe é."

Mo fi orúkọ nọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìyá, tìróò yín yìí mà dára o. Ṣé Tejuoso lẹ ti rà á?"

Ojú wọn tàn. "Tejuoso kẹ̀? Ayédèrú ló kún ibẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń lọ tèmi wá."

"Ẹ bá mi ra díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún ń lọ. Ojú tó ń dun ọmọ yín ńkọ́, ṣé ẹ fi díẹ̀ sí i kí ẹ tó gbé e wá?"

Ojú tó tàn yẹn ṣú. Wọ́n wo Ọ̀gá, wọ́n wo ilẹ̀. "A ò fi nǹkan kan sí i o. Mo ti sọ fún wọn."

Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Nínú wọ́ọ̀dù yẹn kan náà, wọ́n ti bú obìnrin kan bí ẹní bú ọmọdé nítorí ewé tó fi sí ojú egbò ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ló gbà wá. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Mọ́mì, ẹ sọ fún wọn jàre. Ojú mi ni."

Ìyá bú sẹ́kún. "Ìrora rẹ̀ ni mi ò lè wò. Mo lé e fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ká tó wọkọ̀. Ṣé èmi ni mo wá fọ́ ojú ọmọ mi?"

"Rárá o, Ìyá," mo ní. "Kò sẹ́ni tó máa bú yín. Ohun tí ẹ sọ yìí ló lè gba ojú náà sílẹ̀."

Wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ àti òwú fọ ojú náà. Omi yẹn dúdú, wọ́n dà á nù, wọ́n pọn òmíràn, wọ́n fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́. A gbé e lọ, a tún ojú náà yà. Ọ̀gá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọ fíìmù. Àwa méjèèjì la wọ yàrá òkùnkùn, níbi tí iná pupa bàìbàì nìkan wà, tí òórùn kẹ́míkà máa ń ta èèyàn nímú. Wọ́n ri fíìmù náà bọ omi kẹ́míkà bí obìnrin ṣe ń ri aṣọ bọ aró.  Mò ń gbàdúrà nínú mi, kì í ṣe fún jórinjórin yẹn nìkan, fún èmi náà. Bí mo bá ti ṣìnà, Ẹ̀gbọ́n alápàárá ò ní jẹ́ kí n gbádùn Lagos mọ́.

Nígbà tí Ọ̀gá gbé e sí iná, eruku yẹn ti lọ. Gbogbo ìlà yẹn ti lọ pátá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ìgbà náà ni mo rí i pé ẹyọ kan ṣẹ́ kù, ó kéré, ó mú, ó funfun.  Irin ni.

Ọ̀gá ì bá sọ pé, "Ẹ ò rí i bí?" Ọ̀pọ̀ àgbà ló máa sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì gba ilé wọn lọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Tìróò ti bò ó, kò jẹ́ ká mọ èyí tí à bá máa tọ̀ lẹ́yìn. Ní báyìí tó ku òun nìkan, ibo gan-an ló wà?" Wọ́n ń bi mí, àbúrò pátápátá, wọ́n sì dúró de ìdáhùn.

Mo ní kí a yà á lẹ́ẹ̀mejì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kó má gbé orí rárá, kó kọ́kọ́ wo òkè, lẹ́yìn náà kó wo ilẹ̀. Bí irin bá wà nínú ẹyinjú, ó gbọ́dọ̀ bá ẹyinjú rìn. Ọ̀gá mi orí. A yà á. A kó fíìmù méjèèjì lé ara wọn. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, irin ò kúrò lójú kan. Inú ẹran tó wà lábẹ́ ojú ló wà, lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò wọ ẹyinjú rárá. Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá mi léjìká nínú òkùnkùn yẹn, èmi tí mo ti ń mú ara le láti àárọ̀, omijé bọ́ lójú mi.

Dókítà ojú fi abẹ́rẹ́ àti ẹ̀mú kékeré yọ ọ́ níbi tó jókòó sí. Kò sí tíátà. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹyinjú.

Nígbà tí a padà sí yàrá ìpàdé, kò sí dókítà kan tó tíì lọ sílé. Ọ̀gá gbé fíìmù àkọ́kọ́ kọ́, wọ́n gbé èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà tì í. Wọ́n ní, "Ohun tí mo kà nìyí. Ohun tó jẹ́ nìyí. Bí mo bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ojú ọmọkùnrin yẹn á ti lọ ní Mọ́ńdè." Fíìmù méjì tó kù, ọwọ́ ni a fi ń gbé wọn kiri nítorí àpótí ò gbà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n alápàárá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, mo sì dárí jì wọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí aláìsàn tí wọ́n ń ya ojú rẹ̀ nílé ìwòsàn wa láìkọ́kọ́ fọ ojú náà.

Mo délé, mo sọ fún ìyá àgbà. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n rọra gbé gèlè wọn jókòó dáadáa, wọ́n ní, "Èmi náà ti di dókítà nìyẹn." Títí wọ́n fi kú, kò sí àlejò tó wọlé wa tí wọn ò sọ ọ́ fún.

Ó ṣe díẹ̀, ní Sátidé kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn ìpàdé. Jórinjórin wa ni, òun àti ẹnì kan ló gbé nǹkan dání tí wọ́n fi aṣọ bò. Nígbà tó ń jókòó de ìtọ́jú lọ́jọ́ kìíní, ó ti yọjú wo àpótí pákó wa, ó sì káàánú wa. Àpótí iná tuntun ló gbé wá. Irin ni gbogbo férémù rẹ̀, ó ti jó o pọ̀ láìsí kọ̀rọ̀ kan tó wọ́, ó gùn débi pé fíìmù mẹ́rin gbà á gbalaja. Ó ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́ ní Ìgànmú lòun ń ṣe é. A ti iná bọ̀ ọ́, gbogbo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete, kò ṣẹ́jú.

Ọ̀gá wá àwọn fíìmù rẹ̀ jáde, wọ́n kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti dìde bí ìṣe mi. Ọ̀gá dá mi dúró.

"Ta ló kéré jù nínú yàrá yìí?" ni wọ́n bi wá.

Gbogbo wa yíjú sí ọmọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ nu ara ṣòkòtò. Ọ̀gá ní, "Òfin ibí nìyẹn. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí lo rí?"

Ó sún mọ́ iná. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, èyí tí kò ṣe nǹkan kan, ó fi ojú ọ̀tún nìkan wo orí ara rẹ̀ láti ìkíní dé ìkẹrin, kò kánjú.

"Mo rí gbogbo ẹ̀, sà," ló wí.

Èmi ló kàn. Mo sún mọ́ àpótí yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun iwájú orí, mo ní ó pé, kò sán. Ọ̀gá jókòó, wọ́n ń gbọ́.